Orúkọ Gíríìkì, Iṣẹ́ Ọwọ́ Párísì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ará Párísì sọ àwọn àga àti tábìlì tuntun tí ó gbòde ní nǹkan bí ọdún 1756 sí 1765 kò bá ilé tí a bí wọn sí mu. ‘Àrà Gíríìkì’ ni wọ́n pè é. Kí ni ti Gíríìkì nínú rẹ̀ gan-an?

Rococo ni ó gbayì ní Faransé tẹ́lẹ̀: igi títẹ̀, ìkarahun àti òdòdó lóríṣiríṣi. Ní ọdún 1754, Charles-Nicolas Cochin fi àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Mercure de France, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ohun tí ó yẹ kí ó gún máa gún. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni Ange-Laurent Lalive de Jully, olówó tí ó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, ní kí Louis-Joseph Le Lorrain ya àwòrán tábìlì ìkọ̀wé kan fún òun. Ẹ́bónì dúdú ni wọ́n fi bo igi rẹ̀. Idẹ oníwúrà ni Philippe Caffieri fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Tábìlì náà wà ní Musée Condé ní Chantilly títí di òní.

Igi ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi kan àga wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sì ti jẹrà. Ara ìkòkò àti òkúta ibojì ni a ti ń rí àwòrán rẹ̀. Òkúta ibojì Hegeso, tí ó wà ní Áténì, fi irú àga bẹ́ẹ̀ hàn: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ síta. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì Lalive, bí ìgbà tí a so àgbọ̀nrín mọ́ erin ni. Ọnà ara òpó àti ògiri ilé òkúta ni Le Lorrain gbé wọ inú iṣẹ́ igi. Róòmù ni òun fúnra rẹ̀ sì ti kẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe Áténì.

Àwọn kan lè wí pé ẹ̀mí Gíríìkì, èyí tí í ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ni wọ́n ń wá, kì í ṣe àga Gíríìkì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí àbùkù nínú kí a kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ tí a yá lò bo ẹni tí ó làágùn mọ́lẹ̀. Joseph Baumhauer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Párísì, ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó kan tábìlì náà. Síbẹ̀, Lalive ni a máa ń dárúkọ, Gíríìkì ni a sì ń yìn.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Tábìlì yìí bá àkókò rẹ̀ mu nítorí pé àwọn oníṣẹ́ Párísì ni ó gé e, tí wọ́n sì rán an. Àwọn ni ó yẹ kí ìyìn rẹ̀ jẹ́ tiwọn.