Ta Ni Ó Ní Kí Eléré Pa Ẹnu Rẹ̀ Mọ́?

Ní ìpàdé àríyànjiyàn kan tí a ṣe láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní iṣẹ́ eléré ni kí ó sáré, kí ó fò, kí ó gba ẹ̀bùn rẹ̀, kí ó sì máa lọ sí ilé. Ó ní ọ̀ràn ìlú kò kàn án. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo wí nínú ọkàn mi pé ẹni tí ó ń sọ èyí kò gbọ́ ìtàn Věra Čáslavská rí, tàbí bí ó bá gbọ́ ọ, kò yé e. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Ìlú Prague, ní Czechoslovakia, ni a bí obìnrin yìí sí ní 1942. Eré òkìtì ni ó fi di olókìkí: eré tí a ń fò kọjá ẹṣin onígi, tí a ń fi ọwọ́ fì lórí ọ̀pá méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, tí a ń ta òkìtì lórí ilẹ̀ bí orin ti ń dún, tí a sì ń jó lórí igi tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹni tí ó bá rò pé eré ọmọdé ni èyí, kí ó lọ dúró lórí ògiri ọgbà, kí ó yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Ní Tókíò ní 1964, ó gba wúrà mẹ́ta, ti aṣíwájú gbogbo wọn sì wà nínú rẹ̀. Ní 1965 àti ní 1967, gbogbo wúrà márààrún tí ó wà fún àwọn obìnrin nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, òun nìkan ni ó kó wọn.

Ṣùgbọ́n 1968 ni ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún náà, Alexander Dubček àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń ṣe ìjọba ń gbìyànjú láti tú ìdè kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹfà, òǹkọ̀wé Ludvík Vaculík kọ ìwé kan tí ó pè ní Ẹgbàá Ọ̀rọ̀, láti ti àtúnṣe náà lẹ́yìn. Čáslavská fọwọ́ sí i. Ní òru ọjọ́ 20 mọ́jú ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì àti àwọn alájọṣe wọn kó ọkọ̀ àgbá wọ ìlú. Čáslavská sá pamọ́ sí àgbègbè olókè ní Moravia, nígbà tí eré Olímpíìkì Mẹ́síkò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ń fì lórí ẹ̀ka igi, ó ń gbé àpò ọ̀dùnkún kí agbára rẹ̀ má baà dín, ó ń fi ṣọ́bìrì kó èédú kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ má baà rọ̀. Nígbẹ̀yìn, ìjọba jẹ́ kí ó lọ. Ó gba wúrà mẹ́rin àti fàdákà méjì.

Nínú eré orí igi, Natalia Kuchinskaya ti Sófíẹ́ẹ̀tì ni ó gba wúrà. Nínú eré orí ilẹ̀, Čáslavská àti Larisa Petrik, ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì bákan náà, ni wọ́n jọ gbà á. Bí orin orílẹ̀-èdè Sófíẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀, Čáslavská tẹ orí ba, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò pariwo. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Àwọn alátakò mi ní òun ni ó mú òṣèlú wọ inú eré. Irọ́ ni. Ta ni ó fa àsíá sókè? Ta ni ó ní kí a kọ orin ìjọba nígbà tí ọmọbìnrin kan bá fò dáradára? Ẹni tí ó bá ní kí n dúró bọ̀wọ̀ fún orin ìjọba rẹ̀ ti bi mí ní ìbéèrè òṣèlú. Kò yẹ kí ó bínú nítorí pé mo dá a lóhùn.

Wọ́n tún ní ó fi ìwọ̀sí lọ Kuchinskaya àti Petrik, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ni wọ́n wa ọkọ̀ àgbá. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n orin ni ó yí orí fún, kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi tí ó sọ èyí, àwòrán Tommie Smith àti John Carlos wà lára ògiri yàrá rẹ̀, àwọn adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n na ìkúùkù sókè ní Mẹ́síkò kan náà, ní oṣù kan náà. Èmi náà yìn wọ́n. Kí ni ó wá dé tí ìkúùkù nínà fi jẹ́ ìwà akin, tí orí yíyí sì di àrífín?

Wọ́n ní, kí ni èrè rẹ̀? Lóòótọ́, ọkọ̀ àgbá kò padà. Wọ́n ní kí ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú Ẹgbàá Ọ̀rọ̀, ó kọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ ọn. Ìwé tí ó kọ nípa ara rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tún ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Láti 1968 títí di 1989, tí ìjọba náà wó, ọdún 21 ni. Václav Havel di Ààrẹ, ó sì fi Čáslavská ṣe olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ní 2016 ni ó kú, pẹ̀lú ọlá.

Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ní ohun kan láti fi kún un. Àwọn baba wa kò ní dandan ni kí ẹnu là kí ọ̀rọ̀ tó di ọ̀rọ̀. Àrokò kì í fọhùn, síbẹ̀ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí kì í béèrè pé kí ni ó wí. Àrokò ni orí tí obìnrin yìí yí. Bí kò bá yé àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ sí, wọn kì bá tí fi ìyà jẹ ẹ́.

Láìpẹ́ a ó jáde níbí, a ó di olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó gbé ìwé ka iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa pé kí ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára òtítọ́. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí o bá tún dìde ní ìpàdé, má ṣe bi eléré léèrè ohun tí ó ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe. Bi ara rẹ léèrè ohun tí ìwọ, tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ, ń fi tìrẹ ṣe.