A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ọ̀rẹ́ wa kan jókòó sílẹ̀, wọ́n ń dirun fún un. Ṣùkú ni. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé itan ẹni tó ń dì í, oorun sì gbé e lọ. Ọ̀kan nínú wa mú fóònù, ó ya fọ́tò, ó sì gbé e sórí WhatsApp. Fọ́tò náà dára, gbogbo wa la yìn ín. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa jí tó rí i, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Kì í ṣe irun mi lẹ yà, oorun mi lẹ yà."

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí aṣọ wà lára rẹ̀? Lẹ́yìn tí a rò ó síwá sẹ́yìn, ohun tí a fẹ́ sọ nìyí: ọ̀rẹ́ wa ló jàre.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ fọ́tò irun obìnrin ní Nàìjíríà, a ò lè fo J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun, dúdú àti funfun, tí àwọn fọ́tò náà sì tó nǹkan bí 1,000. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa. Ìpàkọ́ la ń rí, àti ojú ìlà tó gún régé. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun kan kò sí níbẹ̀: ọwọ́ tó dì í. Irun kì í sì í dá ara rẹ̀ dì.

Ọwọ́ yẹn ló ń fi òòyà lalẹ̀, tó ń fi òróró pa awọ orí, tó ń di àgbọ̀n mú pé "tẹrí díẹ̀ sí i." Bó bá dunni, a ó ní "rọra." Láàárín wákàtí mélòó kan yẹn, kò sí ohun tí a kì í sọ: ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ìdánwò. Lójú Yorùbá, orí kì í ṣe agbárí lásán, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ la ń gbé e fún. Ẹni tó bá gbé orí fún ọ lé itan ti fọkàn tán ọ.

Nítorí náà, ayàwòrán tó bá ń wá ìsúnmọ́ra láàárín obìnrin kò nílò láti ní kí wọ́n bọ́ra sílẹ̀ tàbí kí wọ́n dì mọ́ra níwájú kámẹ́rà. Kó lọ síbi tí wọ́n ti ń dirun. Ṣùgbọ́n kó rántí pé onídìrí ni wọ́n fọkàn tán, kì í ṣe òun. Kó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kó tó yà á, kó sì fi hàn wọ́n kó tó gbé e jáde. Àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó ń sùn, bó tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la wà.

A ti pa fọ́tò náà rẹ́, a sì ti bẹ ọ̀rẹ́ wa. Àwọn tó ti rí i ṣáà ti rí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ yà láìpẹ́ yìí, ṣé ẹ bi í?