Bíríkìlà, Rìwáyà, Ayàwòrán: Ẹ Jọ Sọ̀rọ̀ Kí Ẹ Tó Kọ́lé!

Bíríkìlà rẹ́ ògiri tán, ó ń dán bíi dígí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, rìwáyà dé tòun ti òòlù, gbà-gbà-gbà, ó ti lu ògiri já kí wáyà ẹ̀ lè ráyè kọjá. Plọ́ńbà tẹ̀ lé e, òun náà lu tiẹ̀. Ìjà dé! Bíríkìlà ní wọ́n ba iṣẹ́ òun jẹ́, rìwáyà ní kò sẹ́ni tó sọ fóun pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ògiri. Ta ló máa wá san owó síméńtì ẹlẹ́ẹ̀kejì? Onílé ni o, ìyá oníṣòwò tó fi owó èsúsú kọ́lé.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó pàápàá, ọ̀tọ̀ ni kíláàsì ayàwòrán ilé, ọ̀tọ̀ ni ti ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ wọn á gboyè tán kí wọ́n tó pàdé lórí iṣẹ́, ibẹ̀ làríyànjiyàn á sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ìdíje tí wọ́n ń pè ní Solar Decathlon wúlò. Ìjọba Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀, ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nílùú Washington. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 14 ló kó ilé wá. Ilé gidi ni o, kì í ṣe ilé orí pépà! Oòrùn nìkan ló gbọ́dọ̀ máa fún un níná. Ìdánwò 10 ni wọ́n ṣe fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣé fíríìjì ẹ̀ tutù? Ṣé omi gbígbóná ń jáde? Ṣé iná ẹ̀ mọ́lẹ̀? Bí ilé bá rẹwà tí fíríìjì ò tutù, gbogbo ẹgbẹ́ ló pàdánù máàkì. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé iṣẹ́ tòun dáa.

Ti ọdún 2011 ló dùn jù. Ilé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Empowerhouse. Iléèwé Parsons ní New York, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà àti yíya ilé, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹnjiníà Stevens ní New Jersey. Iléèwé Milano, tí wọ́n ti mọ̀ nípa ètò ìlú, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n tún pe ẹgbẹ́ Habitat for Humanity, tó ń bá àwọn tí owó wọn ò pọ̀ kọ́lé. Wọ́n ti mọ irú ẹni tó máa gbé ilé ọ̀hún.

Òtútù Washington kì í ṣe kékeré. Owó tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná máa ń mú orí tálákà gbóná ju ilé lọ! Ẹlòmíì á ní kí wọ́n to páálí sọ́là kún orí òrùlé. Èló ni wọ́n ń ta páálí ọ̀hún? Bí ògiri bá sì ń jò, ṣebí omi inú agbọ̀n ni. Ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú: wọ́n ki í nípọn, wọ́n dí gbogbo ihò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè pé ṣé wọn ò ní fún pa, ẹ̀rọ kékeré kan ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Torí pé ògiri ò jò, sọ́là díẹ̀ ti tó.

Nínú ìdánwò owó, ilé tí kò bá ju 250,000 dọ́là lọ ló ń gba máàkì pé. Nǹkan bíi 230,000 ni wọ́n ṣírò tiwọn sí, àwọn àti àwọn ará Belgium ni wọ́n jọ ṣe ipò kìíní. Lóòótọ́, Maryland ló gba ife lápapọ̀. Àmọ́ wọ́n gbé Empowerhouse lọ sí àdúgbò Deanwood, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ìkejì ẹ̀, ó sì di ilé ìdílé méjì. Ẹ ò rí i pé ìyẹn ju ife lọ?

Kò dìgbà téèyàn bá wọ yunifásítì. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ jókòó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń da ìpìlẹ̀. Kí rìwáyà fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ibi tí páìpù ẹ̀ máa gbà. Ẹ̀yin ìyá wa, kẹ́ ẹ tó tú owó nídìí ìró, ẹ bi wọ́n: “Ṣé ẹ ti jọ sọ̀rọ̀?” Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹni tí wọ́n bá ti lu ògiri ẹ̀ já rí, ojú ewé lẹ́tà ń retí ẹ̀.