Ẹ Má Gba Ìtàn Igbó Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú kí àwọn kan nínú yín sọ pé ọmọ Kristẹni kò gbọdọ̀ ka ìtàn igbó àti iwin. Ní agbègbè Redemption Camp tí à ń gbé yìí, ọ̀rọ̀ náà wọ́pọ̀. N kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé kan. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó kọ My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954. Ọmọ ọdún 7 ni ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà nígbà tí ogun akónilẹ́rú dé. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Àwọn orogún ìyá rẹ̀ kó ọmọ tiwọn sá lọ, wọn kò sọ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbìyànjú láti gbé e sá, agbára rẹ̀ kò gbé e. Àbúrò fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ó fi òun sílẹ̀, kí ìyá wọn lè rí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lọ. Àbúrò sá wọ igbó, ó sì lo ọdún 24 níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a máa ń fà yọ nínú irú ìtàn báyìí ni pé kí ọmọdé má wọ igbó. Ẹ̀kọ́ náà kò tó. Lóòótọ́, àwọn iwin fi ìyà jẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó lé e débẹ̀? Ènìyàn ni! Nígbà tí ó sì jáde, ènìyàn ni ó tún mú un lẹ́rú, tí wọ́n tà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kan náà, tí kò dá a mọ̀ mọ́. Orin tí ó kọ ni ẹ̀gbọ́n fi mọ̀ ọ́n. Lónìí ńkọ́? Bí ajínigbé bá fara pamọ́ sínú igbó ẹ̀bá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ṣé igbó ni ó jí ènìyàn gbé?

Bí ẹ bá ní Bíbélì tó wa, ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 21. Owú inú ilé Ábúráhámù ni ó lé Hágárì àti ọmọ rẹ̀ sí aginjù. Nígbà tí omi tán, ó tẹ́ ọmọ náà sábẹ́ igi wẹ́wẹ́, ó lọ jókòó lókèèrè kí ó má baà rí ikú rẹ̀. Inú aginjù náà ni Ọlọ́run ti fi kànga hàn án. Ta ni yóò ya orí yẹn kúrò nínú Bíbélì nítorí ìbẹ̀rù aginjù? Igbó ni ilẹ̀ Camp yìí pàápàá nígbà tí ìjọ gbà á ní 1983. Bí àwọn tí ó kọ́kọ́ dé bá ti sá fún igbó, ibo ni à bá máa péjọ sí?

Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, tí wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. A ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n gbàdúrà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ìtàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ti inú rẹ̀. Ẹ fi ìwé náà sí ilé ìkàwé wa, kí ẹ sì jókòó kà á pẹ̀lú wa.