Ẹni Tí Ń Mú Àlejò Dé Etí Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí èmi àti àwọn èrò mìíràn láti Lọ́ńdọ̀nù wọ bọ́ọ̀sì ní Reykjavík, olú-ìlú Áísílándì, tí ìyá arúgbó kan jókòó síwájú ọkọ̀, tí ó sì ń rọ́ ìtàn ilẹ̀ baba rẹ̀ fún wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Þingvellir ni ó kọ́kọ́ mú wa dé. Ọ̀nà tóóró kan ni a ń gbà láàárín ògiri òkúta dúdú, à bá sì kọjá lọ ní tiwa bí kò bá ní kí a dúró. Ó ní ibẹ̀ ni àwẹ́ ilẹ̀ tí Àríwá Amẹ́ríkà jókòó lé àti èyí tí Yúróòpù jókòó lé ti ń jìnnà síra wọn, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́dún. Ibẹ̀ kan náà sì ni àwọn baba ńlá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti ṣe òfin ní ọdún 930.

Ní Strokkur, ìsun omi gbígbóná kan tí ó máa ń tú sókè, ẹ̀yìn okùn ni ó tò wá sí, ó sì ní kí a kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́ gba imú wa. Omi náà ń mí sókè sódò nínú ihò rẹ̀ bí ẹni tí ó sùn. Lójijì ó wú, ó dà bí ojú ńlá aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì bẹ́ sókè ju ogún mítà lọ. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí ṣàlàyé pé iná kò jìnnà sí ẹsẹ̀ wa, pé omi ìsàlẹ̀ a máa gbóná kọjá híhó nítorí pé ti òkè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí agbára rẹ̀ yóò fi borí ohun tí ó dé e.

Ṣùgbọ́n Gullfoss, omi tí ń já láti orí àpáta, ni ọkàn mi kò lè kúrò níbẹ̀. Ìpele méjì ni omi náà fi ń já, mítà 32 lápapọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn kan fẹ́ fi í pèsè iná mànàmáná. Ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan, Sigríður Tómasdóttir, ni ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí Reykjavík, tí ó búra pé bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, òun yóò bẹ́ sínú rẹ̀. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀ sí wà níbẹ̀ dòní. Amọ̀nà wa fọwọ́ pa á lára kí ó tó la ẹnu.

Bí mo ti ń gbọ́ àwọn ìtàn wọ̀nyí, Akinlà ni ó sọ sí mi lọ́kàn, obìnrin ìran Odùduwà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló sọ pé ó kọ́kọ́ rí Olúmirin, omi onípele méje, ní Erin-Ìjẹ̀ṣà; àti Ìkògòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, tí àwọn baba wa sọ pé orogún méjì ni wọ́n, ìyàwó ọdẹ kan. Kì í ṣe òkè oníná ni ó mú ti Ìkògòsì gbóná: omi òjò ni ó gba ibi tí àpáta ti là wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, tí ó sì mú ooru ibẹ̀ bọ̀. Ìtàn kò wọ́n wa rárá. Ẹni tí yóò dúró sọ ọ́ ni ó wọ́n. Ọdún kan, ọmọ àbúrò mi yọ̀ ṣubú lórí àpáta níbi omi kan nílé, kò sí okùn, kò sí ẹni tí ó sọ fún wa ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ìrẹsì, ìlù àti àwòrán ni a bá lọ, òun náà ni a bá bọ̀. N kò bú àríyá wa o, nítorí pé nínú bọ́ọ̀sì Áísílándì yẹn, a jókòó tira láti àárọ̀ láìkí ara wa, èyí tí ó dùn mí. Ó ṣì wù mí kí àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kọ́ iṣẹ́ amọ̀nà, kí a sì san owó gidi fún wọn.

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwọn ọmọ tí a bí sókè òkun ti rin oko baba ẹlòmíràn já, ẹsẹ̀ wọn kò tí ì kan ti baba wọn. Ní Oṣù Kejìlá, mo ń kó àwọn tèmi lọ sí Ìkògòsì. Mo ti bẹ ìyá àgbà kan tí a bí níbẹ̀ pé kí ó bá wa débẹ̀, kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ki ọwọ́ kan bọ omi tútù, ọwọ́ kejì bọ gbígbóná, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.