Ọ̀nà Méjì Ni Omi Ń Gbà Wọ Agbóyì

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ láti Kétu ní Èkó dé Agbóyì. Odò Ògùn ń rọ́ bọ̀ láti òkè, ọ̀sà Èkó ń dúró dè é nísàlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, tí wọ́n ṣí omi dáàmù Ọyán, tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, sílẹ̀, Agbóyì, Ajégúnlẹ̀ àti àyíká Mile 12 kún fún omi.

Àwọn onímọ̀ ń fi HEC-RAS, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà ṣe, ṣírò ibi tí ìkún omi yóò dé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ààlà odò tí wọ́n yà fún un. Ènìyàn ni yóò sọ iye omi tó ń wọlé lókè ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, àti bí ọ̀sà ṣe ga tó nísàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́! Ẹni tó bá fi ọ̀sà sójú kan, bíi pé kì í kún, kì í fà, yóò rí odò tó ń ṣàn lọ geere. Bẹ́ẹ̀ bí ọ̀sà bá kún, ṣe ló ń dá omi odò padà sí ilé onílé.

Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ dáàmù Ọyán máa kéde iye omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀, kí ìjọba Èkó sì ri òpó ìwọn omi mọ́ etí odò Agbóyì. Ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n mọ ìgbà tí ọ̀sà ń kún.