Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ibi tí àwòrán ọjà yín ń gbé

Oníṣòwò tó bá sanwó kí wọ́n bá òun ṣe ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ọjà rẹ̀ ló sanwó lé lórí jù. Oníbàárà tó wà n'Ílọrin kò lè fọwọ́ kan àdìrẹ tó wà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ojú nìkan ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìkànnì náà bá wá ṣí, tó jẹ́ pé àpótí òfìfo ló wà níbi tó yẹ kí aṣọ wà, ọjà ti bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà nìyẹn. Oníbàárà náà kò ní pe ẹnikẹ́ni láti béèrè, yóò kàn bá tiẹ̀ lọ ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò mọ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán kì í sí nínú ojú-ewé ìkànnì gan-an. Láti ọdún 1993 tí Marc Andreessen, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe Mosaic, ti dábàá àmì tí wọ́n ń pè ní img, bákan náà ló ń ṣiṣẹ́: kóòdù kàn ń júwe ibi tí àwòrán wà ni, bí ìgbà tí èèyàn bá júwe ilé fún àlejò. Fóònù oníbàárà ló máa lọ gbé e wá. Bí àdírẹ́sì bá ti yàtọ̀ díẹ̀, àlejò ti ṣìnà.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tó ń ṣe ìkànnì máa ń kọ àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "C:", ìyẹn inú kọ̀ǹpútà tiwọn. Lórí kọ̀ǹpútà wọn, àwòrán á yọ kedere, ọ̀gá á rí i, á sì sanwó. Lórí fóònù oníbàárà, kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti lẹ́tà ńlá àti kékeré: lórí Windows, Aso.jpg àti aso.jpg kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n lórí Linux, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fún ìkànnì láyè ń lò, fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èyí tó léwu jù ni kí wọ́n júwe àwòrán tó wà nílé onílé. Onílé lè pa á rẹ́, ó sì lè fi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Lọ́dún 2017, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lórí eBay àti Amazon ló ti kó àwòrán ọjà wọn sọ́dọ̀ Photobucket lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà yí òfin padà, ó ní àfi ẹni tó bá san nǹkan bíi 400 dọ́là lọ́dún ló lè fi àwòrán tó wà lọ́dọ̀ òun hàn níbòmíràn. Àwòrán ọjà pòórá lójijì. Ẹ̀wù à-yá-wọ̀ kì í yẹni, ohun ẹni ní ń yẹni.

Ti ìwọ̀n fáìlì náà tún wà ńbẹ̀. Fọ́tò kan tí fóònù yà lè tó 4 MB. Bí wọ́n bá fi kóòdù dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, yóò kéré lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo 4 MB náà ni fóònù oníbàárà yóò fà wálẹ̀, dátà oníbàárà ló sì ń jó. Fáìlì gan-an ló yẹ kí wọ́n dín kù. Fídíò wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì burú bí wọ́n bá fi í sórí YouTube, bí ojúlówó rẹ̀ bá ṣáà ti wà lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ẹni tó ṣe ìkànnì nìyẹn. Òun ló ni iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni àdánù. Kí ọlọ́jà tó san owó tó kù, kó fi fóònù tirẹ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é. Kó rí i pé inú àyè tí òun fúnra rẹ̀ sanwó fún ni àwòrán wà, kó sì gba ọ̀rọ̀ aṣínà sọ́wọ́. Kó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí alt àwòrán kọ̀ọ̀kan, bíi "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì 5". Bí àwòrán kò bá yọ, oníbàárà á ka ìyẹn. Afọ́jú tó ń lo ẹ̀rọ tó ń kàwé síta náà á gbọ́ ohun tó wà lórí àtẹ.

Kò sí ọlọ́jà tó máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sọ́wọ́ bíríkìlà tó kọ́ ọ. Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì.